Àtùpà Olómi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àtùpà Ọ̀ṣọ́ Tí Kò Lo Iná Ọba

Ọjọ́ tí mo gbé àtùpà yìí síta níbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi n'Íbàdàn ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán títí dòní. Ẹlòmíì fẹ́ mọ bí iná ṣe ń jó lójú omi. Ẹlòmíì fẹ́ ṣe é tà. Ìyá kan pè mí ní aago mọ́kànlá òru pé tòun ń ṣe èéfín. Mo wá kó gbogbo ìdáhùn jọ síbí. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ti kẹrosíìnì kí ẹ tó ṣáná sí ohunkóhun.

Kí ni àtùpà olómi gan-an?

Ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni. A bu omi sí i, a da òróró lé omi lórí, a wá fi òwú kan léfòó sójú òróró yẹn. Òwú náà la ń tan. Lẹ́yìn èyí, a ó fi agolo tí a ti dá ihò ọnà sí lára bo ìgò náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ojú ihò bọ́ sára ògiri. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì, kò sí ohun tí ẹ máa sá sóòrùn. Nínú ilé ìdáná yín lẹ ti máa rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ nílò.

Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀?

Rárá, mi ò sì ní fi irọ́ gba oyè. Ọmọ aráyé ti ń tan ọ̀rá àti epo tipẹ́tipẹ́. Nínú ihò àpáta Lascaux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n rí àtùpà olókùúta kan tó ti lé ní 15,000 ọdún, ọ̀rá ẹran ni wọ́n sì ń fi tàn án. Òróró tó wà lórí omi náà kì í ṣe tuntun. Láyé àwọn ọba Mamluk tó jẹ ní Íjíbítì àti Síríà láàárín ọdún 1250 sí 1517, àtùpà gíláàsì alárànbarà ni wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ sínú mọ́ṣáláṣí. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òróró wà lókè, òwú wà lójú òróró. Kódà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni fìtílà tí à ń pè yìí ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn ni òwú tí a lọ́ papọ̀ láti tan.

Nílé wa ńbí náà, ẹ lọ wo Òṣogbo. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, wọ́n máa ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún. Àwọn onílé ní àtùpà náà ti tó 500 ọdún. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ lálẹ́ rí, tó ti rí bí ojú iná mẹ́rìndínlógún ṣe ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á mọ̀ pé iná òwú kì í ṣe ohun tálákà nìkan.

Èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀ kò ju ohun tó gbé òwú léfòó lọ: èékù igbá. Mo ń pè é ní ọkọ̀.

Báwo lẹ ṣe dórí ọkọ̀ onígbá yìí?

Jàǹbá ló gbé mi débẹ̀. Igbá fínfín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe ìborí àtùpà. Mo ra ọ̀kan tó dáa ní Ọ̀yọ́, ẹyẹ àti ewé ni wọ́n fín sí i lára yíká. Mo fi ọ̀bẹ ṣóńṣó lu ihò sí àárín àwọn ewé náà, mo dé igbá lé fìtílà kékeré kan lórí, mo sì pa gbogbo iná yòókù. Òjìji àwọn ẹyẹ yẹn bọ́ sára ògiri, wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fò. Mo pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wò ó.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òórùn igbá tó ń jó fi gba pálọ̀. Nígbà tí mo máa gbé e kúrò, orí rẹ̀ ti dúdú, ó ti lu, etí ojú ihò náà sì ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó fín igbá yẹn ti jókòó tì í pẹ́, èmi sì bà á jẹ́ kí ọbẹ̀ tó jiná.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí n lè dà á nù, ni èékù kan bá ta bọ́ sínú báàfù tí mo rẹ aṣọ sí. Ó léfòó. Mo fi ìka tì í wọlé, ó tún yọ. Mo rántí àwọn apẹja Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, tí wọ́n máa ń gun akèrègbè ńlá lójú odò kí ó lè gbé wọn dúró. Bí akèrègbè bá lè gbé odindi ọkùnrin, ṣé èékù igbá kò ní lè gbé òwú? Kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì làwọn ẹlòmíì ń lò, ó sì dáa, ṣùgbọ́n ìgò wáìnì mélòó ló ń wọlé wa? Igbá tó fọ́ kò wọ́n nílé ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí n wá kalẹ̀?

Ìgò jáàmù tàbí ti máyònísì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ó kéré tán. Òróró. Òwú funfun. Èékù igbá gbígbẹ kan. Agolo mínírà kan tí a ti mu tán. Agolo mílíìkì ńlá kan, èyí tó máa fi ìka méjì fẹ̀ ju ìgò lọ lọ́tùn-ún lósì, tó sì ga jù ú lọ díẹ̀. Ìṣó méjì, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín, pẹ̀lú òòlù, sísọ́ọ̀sì àti iyanrìn. Ó tán.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe ọkọ̀ náà?

Ẹ gé èékù igbá roboto, kó fẹ̀ tó ìdérí ìgò mínírà. Ẹ dá ihò sí i láàárín, kí ihò náà fẹ̀ tó kí ọ̀pá bírò lè gbà á kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gé abala roboto kan lára agolo mínírà, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú igbá, kí ẹ sì fi ìṣó tín-ín-rín lu tirẹ̀ láàárín. Ẹ gbé agolo lé igbá lórí, kí ihò méjèèjì ṣe déédéé.

Ẹ kíyè sí i pé ihò igbá tóbi ju ihò agolo lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ara agolo nìkan ni òwú gbọ́dọ̀ kàn, kó má kan igbá, nítorí agolo kì í jó, igbá a máa jó. Ọkọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo ṣe, n kò mọ èyí, gbogbo wọn ló jó láàárín bí òrùka.

Òwú kí ẹ lọ́ ọ kó nípọn bí igi ìṣáná, kó gùn tó ìka méjì. Ẹ fà á gba inú ihò, kí orí rẹ̀ yọ lókè díẹ̀ báyìí, kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì èékánná lọ. Ìyókù á máa rọ̀ sílẹ̀ sínú òróró.

Òwú wo? Ṣé okùn ìránṣọ ò lè ṣe é?

Òwú gidi ni, bíi èyí tí wọ́n fi ń nu egbò, tàbí okùn tí a tú lára síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ okùn ìránṣọ òde òní ti ní rọ́bà nínú. Ẹ ṣáná sí eteetí rẹ̀ kí ẹ wò ó: òwú gidi máa ń jó di eérú, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ìwé tó ń jó. Èyí tó bá yọ́, tó wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré líle, ẹ jù ú nù. Yíyọ́ ló máa yọ́ nínú iná.

Báwo ni mo ṣe máa tò ó pọ̀?

Ẹ bu omi sínú ìgò kó kọjá ìdajì dáadáa. Ẹ rọra da òróró sí i, síbí ìjẹun mẹ́rin tó. Òróró fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà òkè ló máa dúró sí, ẹ ò nílò láti ṣe ohunkóhun sí i. Ẹ jẹ́ kí ojú òróró sún mọ́ ẹnu ìgò, kó má jìn sísàlẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ iná. Ẹ gbé ọkọ̀ lé e. Ẹ wá dúró ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni àwọn èèyàn kì í ní sùúrù fún. Òwú gbọ́dọ̀ mu epo yó dé orí kí ẹ tó ṣáná sí i. Bí ẹ bá tan án ní gbígbẹ, òwú fúnra rẹ̀ ló máa jó, á di èédú, ẹ ó sì máa rò pé ìlànà mi ò ṣiṣẹ́.

Ṣé mo lè fi kẹrosíìnì sí i dípò òróró? Ó ṣáà ń léfòó lórí omi náà.

Rárá. Ẹ má dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Òótọ́ ni pé kẹrosíìnì ń léfòó, òwú sì lè fà á. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí léwu, torí ó máa kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ wà nínú ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fara dà. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 300 °C kí oru tó ń jáde lára rẹ̀ tó lè gbiná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí òwú nìkan ni iná ti ń jó nínú àtùpà olómi, tí ìyókù òróró á jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ju ìṣáná tó ń jó sínú abọ́ òróró tútù, ó máa kú ni. Kẹrosíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 38 °C ni oru rẹ̀ ti lè gbiná, ìgò kékeré tí iná ń jó nínú rẹ̀ sì máa kọjá ìyẹn kíákíá. Gbogbo ojú rẹ̀ ló máa gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ìgò á là, omi tó wà nísàlẹ̀ á sì ru iná náà káàkiri ilẹ̀.

Ká má tíì sọ ti kẹrosíìnì tí wọ́n ti da bẹntiróòlù lù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ló ti pàdánù èèyàn sí i, ìyá tó fẹ́ dáná alẹ́, ọmọ tó fẹ́ ka ìwé lẹ́bàá àtùpà. Mo mọ ọmọbìnrin kan ládùúgbò tí mo ti dàgbà, àtùpà bú gbàmù lójú rẹ̀ nígbà tó ń rọ epo sí i. Ó ti bímọ báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ sí ògiri bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe àtùpà tí kò lo kẹrosíìnì. Bí òróró bá tán nílé, ẹ jẹ́ kí àtùpà sinmi.

Èwo ló dáa jù nínú àwọn epo wa?

Òróró ẹ̀pà ni mo yàn láàyò. Ó mọ́, kì í dì, iná rẹ̀ sì pọ́n bí wúrà. Òróró yòókù tí a fi ń dín nǹkan náà dáa.

Epo pupa ń jó, àwọ̀ rẹ̀ lórí omi sì máa ń wù mí wò: ìpele pupa yòò lórí omi mímọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe èéfín ju òróró lọ, bí ọyẹ́ bá sì dé, á dì, òwú kò ní rí i fà. Bákan náà ni àdín àti òrí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn tàn án, ẹ dà á pọ̀ mọ́ òróró, ìdá kan epo sí ìdá mẹ́ta òróró.

Òróró tí mo ti fi dín àkàrà ńkọ́?

Ẹ lò ó. Òróró ti wọ́n, kò yẹ ká máa dà á nù. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí iyọ̀ àti èérún àkàrà má di òwú lọ́nà. Ilé yín á kàn máa rùn bí ilé alákàrà ni. Òróró ẹja kò dáa fún pálọ̀ tí àlejò wà.

Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú?

Níbí, síbí ìjẹun méjì máa ń gbé e tó wákàtí mẹ́rin. Bí òwú yín bá nípọn, á yára jẹ òróró. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àtùpà yìí tún wà níbẹ̀: bí òróró ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń bá a lọ, títí òwú á fi kan omi. Á ta pàràpàrà díẹ̀, á sì kú fúnra rẹ̀. Kò ní jó mọ́ ìdí ìgò.

Tèmi ń ṣe èéfín dúdú.

Orí òwú ti gùn jù. Ẹ pa á, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e kù. Iná tó dára ga tó ìka kan ṣoṣo, kì í sì í gbọ̀n. Bí ẹ bá ti gé e tó ṣì ń ṣe èéfín, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ fèrèsé ló ń bá a jà, tàbí pé ẹ kò dá ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ agolo ìborí.

Tèmi ń kú ṣáá.

Òwú há jù nínú ihò agolo, epo kò ráyè gòkè. Tàbí kẹ̀, omi ti kan òwú nígbà tí ẹ ń bu òróró. Òwú tó bá ti mu omi, ẹ má bá a jà, ẹ lọ́ tuntun.

Kí ló dé tí ìgò mi fi là?

Ọkọ̀ ti lọ sinmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, iná sì ń lá ojú kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹnu ìgò fẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta yọ bí apá lára rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó sún mọ́ ògiri ìgò. Ẹ má sì lo ọkọ̀ méjì nínú ìgò kékeré kan. Òróró á gbóná jù, omi ìsàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á sókè.

Báwo lẹ ṣe ń dá ọnà sára agolo tí kì í fi í tẹ̀?

Ibi tí ẹwà rẹ̀ wà nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Bí ẹ bá kan ìṣó mọ́ agolo tó ṣófo, gbogbo rẹ̀ ló máa wọnú. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ ìdí rẹ̀, ẹ rọ iyanrìn tútù kún un, kí ẹ fi ọmọ odó gún un mọ́lẹ̀ títí kò fi ní mì mọ́. Ẹ ya ọnà yín sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ yí agolo ká, ẹ tẹ́ agolo sórí aṣọ ìnura tí ẹ ká, kó má bàa yí. Ẹ wá máa fi ìṣó lu ojú ọnà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni kí òòlù kàn án, iyanrìn á gbe ìṣó náà nínú. Ihò ìṣó nípọn fún àárín òdòdó, ti tín-ín-rín fún etí ewé. Ẹ fi àyè tó ìbú ìka kan sáàárín ihò méjì, nítorí bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, agolo á ya.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ da iyanrìn nù, ẹ yọ ìdí agolo kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi òòlù tẹ gbogbo etí tó mú. Lókè, ó ṣí sílẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ dá ihò ńlá mẹ́jọ yíká. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba òkè jáde, tútù á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Aimé Argand, ará Geneva, lo irú ọgbọ́n afẹ́fẹ́ yìí láàárín ọdún 1780 sí 1789, nígbà tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín òwú àtùpà rẹ̀ kọjá, tí iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti gbogbo àtùpà ìgbà náà lọ.

Ní ti ọnà, inú àdìrẹ ni mo ti ń kó o. Ìbàdàndùn ni mo kọ́kọ́ dá, nítorí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Ìlà ihò lóòró ni òpó kọ̀ọ̀kan, ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí iná bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí òpó Mápó tó dúró yí pálọ̀ yín ká. Ìyá àgbà mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, na ọwọ́ sára ògiri lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó fi ìka ka òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé mo lè fún omi náà ní àwọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rẹ ìṣápá pupa gbígbẹ, èyí tí a fi ń ṣe sóbò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi rẹ̀ ṣe omi àtùpà. Àwọ̀ náà kì í wọnú òróró, torí náà pupa á dúró nísàlẹ̀, wúrà lókè, ìlà tó pín wọn á sì gún régé. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó yani lẹ́nu, ẹ ju kán-ún bíńtín sínú omi sóbò náà kí ẹ tó da òróró lé e. Pupa rẹ̀ á ṣú, á máa lọ sí àwọ̀ aró. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa á tún padà. Àwọn ọmọ mi lè ṣe èyí láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí ni mo lè kó sínú omi?

Owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ etí odò. Òdòdó tútù rẹwà fún alẹ́ kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, omi á rùn.

Ṣé omi tó wà nílẹ̀ kò ní di ilé ẹ̀fọn?

Bí òróró bá ṣì bò ó, rárá. Ìdin ẹ̀fọn ní láti wá mí lójú omi, òróró kì í sì í jẹ́ kó lè mí. Ṣùgbọ́n bí òróró bá ti tán tí ẹ gbàgbé ìgò náà sẹ́yìn ilé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹ̀fọn nìyẹn. Ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣé ó mọ́lẹ̀ tó láti kàwé?

Kò tó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti àbẹ́là kan lọ, ó sì lè má tó o. Gílóòbù 60 wáàtì àtijọ́ ń mú ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí 800 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) wá, àbẹ́là kan ò ju 12 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi ni ojú rẹ̀ lára.

Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra iná sólà?

Mo ní in. Òun la fi ń ka ìwé, òun la fi ń gé ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, a máa ń pa á, a ó tan èyí. Iná sólà funfun báláú, kálukú á jókòó sí àyè tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, á tẹjú mọ́ fóònù. Bí àtùpà olómi bá wà láàárín ilẹ̀, àga á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, ẹnì kan á sì pa àlọ́. Mo dàgbà sí ọjà alẹ́, níbi tí màmá mi ti ń ta ẹ̀kọ, tí fìtílà ń jó níwájú ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan títí dé òpin ọ̀nà. Iná bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rántí ilé mọ́.

Mo gbọ́ nípa ọkùnrin kan ní Bràsíl tó ń fi ìgò omi tan ilé. Ṣé ohun kan náà ni?

Rárá, ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹ mọ̀ ọ́n. Alfredo Moser lorúkọ rẹ̀, mẹkáníìkì ni ní ìlú Uberaba. Lọ́dún 2002 ló ronú pé kí òun lu òrùlé, kí òun fi ike onílítà méjì tó kún fún omi há ihò náà, ìdajì rẹ̀ lóde, ìdajì nínú yàrá. Omi á fọ́n ìtànṣán oòrùn káàkiri yàrá. Ó máa ń kán bílíìṣì, oògùn tó ń mú aṣọ funfun, sí i kí omi má bàa di aláwọ̀ ewé. Ní Filipínì, láti ọdún 2011, ètò kan tí wọ́n pè ní Liter of Light ti gbé e dé ọ̀pọ̀ ilé àwọn tí kò rí já jẹ. Àmọ́ ọ̀sán ló wà fún. Bí oòrùn bá wọ̀, ó parí. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn lábẹ́ páànù lè ṣe ti Moser fún ọ̀sán, kó ṣe tèmi fún alẹ́.

Ṣé mo lè tàn án sílẹ̀ kí n sùn?

A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Òwe yẹn kò yọ àtùpà olómi sílẹ̀. Ó sàn ju kẹrosíìnì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ni iná ń jẹ́. Ẹ gbé e sórí ohun tó dúró gbọn-in, kó jìnnà sí kọ́tìnì, kí fèrèsé kan ṣí, kó má sì sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé tàbí ìrù ajá lè dé. Agolo yẹn máa ń gbóná, ó lè jó ọmọ lọ́wọ́.

Ìlú London ni mo wà. Ṣé mo lè ṣe é níbí?

Ẹ lè ṣe é. Òróró sunflower tàbí ti ólífì ni kí ẹ lò, nítorí epo pupa máa dì pa lọ́wọ́ òtútù yín. Bí ẹ bá háyà ilé, ẹ ka ìwé àdéhùn yín lórí ọ̀rọ̀ iná tó ń jó gbangba. Ẹ má sì yọ bátìrì aago èéfín kúrò lókè àjà nítorí àtùpà. Ẹ gé òwú yín kúkurú.

Ṣé mo lè máa ṣe é tà?

Ẹ ṣe é, ẹ tà á, ẹ ò nílò àṣẹ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan pé ÒRÓRÓ NÌKAN, kí ẹ sì fi ẹnu sọ fún ẹni tó rà á. Ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà. Ìgò tó bá ní ìlà tín-ín-rín lára, ẹ má tà á, bó ti wù kó rẹwà tó.

Báwo ni mo ṣe ń pa á?

Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, òróró lè ta sí yín lójú. Ẹ má sì da omi sí i. Ẹ fi aṣọ nínípọn gbé agolo kúrò, kí ẹ fi àwo amọ̀ kékeré dé ẹnu ìgò. Á kú kíákíá, òwú á ṣì máa rú èéfín funfun díẹ̀. Bí ìgò bá ti tutù, ẹ fi ìdérí rẹ̀ dé e, kí aáyán má bàa bọ́ sínú òróró. Òwú kan náà á ṣì tàn lálẹ́ ọ̀la.